Ẹsẹ̀ kejì fún páwà báìkì tá a fi ń sáré ní tírákì: èmi ti rà á, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Kí n tètè là á mọ́lẹ̀ kí ẹni tó ń kánjú lè máa bá tiẹ̀ lọ: tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lo máa ń bá ẹgbẹ́ oníbáìkì lọ sáré ní tírákì, tó sì jẹ́ pé orí báìkì yẹn náà lo máa gùn débẹ̀ láti Abẹ́òkúta, má wulẹ̀ ra ẹsẹ̀ kejì, ìyẹn rímù àti táyà mìíì, iwájú àtẹ̀yìn, tó o máa gbé wọ báìkì kan náà fún tírákì nìkan. Fi owó yẹn ra táyà gidi sórí èyí tó ò ń gùn, ra hẹ́mẹ́ẹ̀tì tó ní láárí, ra jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, ìyẹn ló máa ṣe ẹ́ lóore jù. Àmọ́ tó bá ti wọ̀ ẹ́ lẹ́jẹ̀, tó o sì ní Hilux tàbí Sienna tó máa kó ẹrù tẹ̀ lé ẹ, fara balẹ̀ ka èyí tán torí owó ńlá lọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń tà á ní Ládípọ̀ ò sì ní sọ ìdajì ẹ̀ fún ẹ.

Báìkì tí mò ń gùn ni Yamaha R6, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2006 sí 2016. Ẹsẹ̀ tí mo rà náà, ti R6 ni, tòkunbọ̀, iwájú àtẹ̀yìn, ó bá dísìkì (irin pẹrẹsẹ tí bíréèkì ń fún), béárìn àti sipurọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí) wá. Ínǹṣì 17 ni rímù méjèèjì, ti iwájú fẹ̀ ní 3.5, tẹ̀yìn fẹ̀ ní 5.5, táyà 120/70 ló ń wọ iwájú, 180/55 ló ń wọ ẹ̀yìn. Mò ń pe nọ́ńbà yìí torí àwọn kan máa ń rí rímù R1 nílẹ̀ kí wọ́n ní ṣebí Yamaha náà ni. Rárá o. Ẹ̀yìn R1 fẹ̀ ní 6.0, táyà 190 ló ń gbé. Kódà láàárín R6 síra wọn, 2017 sókè ti yàtọ̀: wọ́n fi fọ́ọ̀kì R1 (apá méjì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú) sí i, irin tó gba àárín ẹsẹ̀ iwájú kọjá ti nípọn sí i, dísìkì iwájú kúrò ní mílímítà 310 ó di 320, ABS, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, tún wà níbẹ̀. Tó o bá ra ẹsẹ̀ iwájú 2017 fún báìkì 2008, kò ní wọlé, ẹni tó tà á fún ẹ ò sì ní gbà á padà.

Kí ló wá mú mi ra á? Ọ̀nà wa ni. Ẹni tó bá ń gbé Abẹ́òkúta mọ̀ pé gbọọrọ la máa ń lọ, bóyá o gba Kọ́bàpẹ́ lọ sí Ṣàgámù ni o, àbí ò ń ti Sángò bọ̀ tó o gba Ifọ̀ àti Ìtòrí wọlé, àárín táyà nìkan ló ń fara kan ilẹ̀ ní gbogbo ìrìn yẹn, àárín yẹn á jẹ, á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á ṣì wà bíi tuntun. Lójú títì o ò ní mọ nǹkan kan. Ọjọ́ tó o bá dé kọ́nà tó o fẹ́ dẹ báìkì sílẹ̀ gan-an lo máa mọ̀, torí táyà tó ti tẹ́ láàárín kì í sùn díẹ̀díẹ̀, á kọ́kọ́ ta kú, á ní òun ò lọ, lójijì á wá já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, àyà èèyàn á là gààrà. Mo fẹ́ táyà tó jẹ́ pé kọ́nà nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀, tí gálọ́ọ̀pù ọ̀nà Ìtòrí ò rí rí. Ìyẹn nìkan ti tó mi í ra ẹsẹ̀ kejì. Ohun kejì ni pé rímù báìkì yìí, alumíníọ̀mù ni, kò lè fara da kòtò. Tí kòtò bá ká tojú títì kò l'ọ́jọ́ Jímọ̀, ti tírákì ṣì wà nílé láìfarapa, o lè lọ l'ọ́jọ́ Sátidé.

Àwọn ará England tó ń lọ sí tírákì Brands Hatch àti Donington, òjò ló sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n ní ẹsẹ̀ méjì. Táyà tilẹ̀ gbígbẹ á wà lórí ọ̀kan, táyà òjò lórí èkejì, bí òjò bá ti ń ṣú báyìí wọ́n á tú u, wọ́n á pààrọ̀. Táyà òjò yẹn rọ̀ gan-an, tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ á jẹ tán kíákíá. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ibi tí ẹgbẹ́ wa ń háyà kì í ṣe tírákì bíi Kyalami ní South Africa, ilẹ̀ ọlọ́dà gbalasa kan ni, a ó to kóònù sí i, a ó fi sé ọ̀nà kọ́nà, tí òjò bá fi lè rọ̀ pẹ́nrẹ́n omi á dúró sí i, a ó sì kó sábẹ́ kánópì títí ọjọ́ á fi parí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń fi sí náà. Fún ìdí èyí, ẹni tó bá ní kó o ra táyà òjò, má dá a lóhùn, owó tó máa fò lọ ni.

Wàyí o, ibi tí owó èèyàn ti ń lọ gan-an. Rímù ìhòòhò. Wàá rí i tí wọ́n gbé rímù méjì kọ́ sára ògiri, ó ń dán, wọ́n á pe owó tó máa dùn mọ́ ẹ nínú, inú ẹ á dùn pé o ti rí gbàǹjo. Rímù lásán nìyẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀. Kó tó di ẹsẹ̀ tó ṣeé gbé wọ báìkì, o ṣì fẹ́ dísìkì méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, o fẹ́ béárìn, síìlì, àwọn búṣì kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ béárìn tọ́tùn-ún tòsì, sipurọ́kẹ́ẹ̀tì, irin tí wọ́n de sipurọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, àti rọ́bà inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tó máa ń gba ìjàgbọ̀n ṣéènì. Fáàfù tún ń bẹ. Tó o bá ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá rí i pé dísìkì nìkan lè ju owó rímù lọ, àwọn búṣì kékeré yẹn tí ojú ò kà sí lo sì máa wá kiri jù, torí kò sẹ́ni tó ń tà á lọ́tọ̀, inú báìkì tó já ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Àwọn kan á ní kó o máa yọ ti ẹsẹ̀ kìn-ín-ní sórí èkejì nígbà tó o bá ń lọ, tú dísìkì, tú sipurọ́kẹ́ẹ̀tì, tún un dè. Ẹ gbà mí o! Bóòtù dísìkì yẹn, gúlùú ni wọ́n fi ń dè é kó má bàa tú, tó o bá ń tú u tó ò ń dè é lemọ́lemọ́ ihò ẹ̀ á bàjẹ́, bíréèkì sì ni o, kì í ṣe bọ́tìnnì aṣọ. Ra èyí tó pé, tàbí kó o dúró kí owó pé.

Tí wọ́n bá gbé èyí tó pé wá fún ẹ, bẹ̀rẹ̀, kó o wo dísìkì. Òǹtẹ̀ kan wà lára ẹ̀, wọ́n á kọ MIN TH sí i pẹ̀lú nọ́ńbà, ìyẹn ni pé tó bá ti tín-ín-rín ju ibẹ̀ lọ, o gbọ́dọ̀ jù ú nù ni. Fi ọwọ́ ra á láti àárín bọ̀ sétí, tó o bá bá òkè kékeré létí ẹ̀, páàdì ti jẹ àárín ẹ̀ lọ nìyẹn, wọ̀n ọ́n kó o tó sanwó. Béárìn náà, ki ìka méjì bọ inú ẹ̀ kó o yí i, kó máa lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé òróró wà níbẹ̀. Tó bá ń há tó ń tú, tàbí tó o gbọ́ tó ń dún bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, yọ owó béárìn tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Ti sipurọ́kẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tó tà àti ẹni tó rà. R6 tó ti ilé iṣẹ́ wá, ṣéènì 525 ló ń lò. Àwọn tó ń fi báìkì sáré lókè òkun sábà máa ń yí i sí 520 torí ó fúyẹ́. Tẹ́ ẹ bá fojú wò ó, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, àlàfo láàárín eyín kan sí èkejì dọ́gba, ìbú ló yàtọ̀, 525 fẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ tòkunbọ̀ tó bá ti ara báìkì eléré ìje wá, ó ṣeé ṣe kí sipurọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́ 520, tó o bá gbé ṣéènì 525 lé e á máa mì lórí eyín ẹ̀, á sì jẹ ara wọn tán. Tèmi, mo pààrọ̀ ẹ̀, mo wá èyí tí iye eyín ẹ̀ bá tojú títì mu, torí bí eyín bá pọ̀ jù tàbí kéré jù wàá máa fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn síwá sẹ́yìn láti tún ṣéènì ṣe nígbàkúùgbà tó o bá pààrọ̀. Ṣéènì tó ti gbó náà, má gbé e lé sipurọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun.

Kí n wá sọ ti ìlú wa, torí ẹsẹ̀ tó dáa lọ́wọ́ fọkanáísà tí ò mọ̀ ọ́n ṣe á bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan létí títì, mi ò ní pe àdúgbò ẹ̀, ọmọ ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ táyà danfó àti ọ̀kadà ló ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ti irin gígùn yẹn bọ etí rímù láìfi nǹkan kan bò ó, ó tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ tó ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀. Mo ní kó dúró. Etí rímù yẹn ni táyà ń jókòó sí tí afẹ́fẹ́ ò fi ní jáde, kò sí tíúbù nínú ẹ̀ o, tí irin bá ha ibẹ̀, táyà á máa jò díẹ̀díẹ̀, wàá fún un ní afẹ́fẹ́ lálẹ́, tó bá di àárọ̀ á ti lọ sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sanwó ìṣẹ́jú ẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ mi.

Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ gidi ni ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lápá Òkè-Ìlẹ́wọ̀, bàbá kan ló ni ín, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ sì ń wo ọwọ́ ẹ̀ dáadáa. Bàbá gé páìpù rọ́bà sọ́nà méjì, ó fi bo etí rímù kí irin tó kàn án. Ó bu omi ọṣẹ yí etí táyà ká. Ó wo ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó ń fi ibi tó máa yí sí hàn, mi ò tíì ṣí ẹnu kí n rán an létí. Nígbà tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó yọ àárín fáàfù kúrò ná kí afẹ́fẹ́ lè ya wọlé, táyà dún pàù, ó tún dún pàù, ó jókòó. Mo ní bàbá, báláǹsì ńkọ́, torí ẹ̀rọ báláǹsì mọ́tò tó wà káàkiri Abẹ́òkúta ò gba ẹsẹ̀ báìkì, ihò àárín ẹ̀ ti kéré jù. Bàbá ò wí nǹkan kan. Ó ki irin àárín ẹsẹ̀ bọ ihò béárìn, ó gbé orí irin náà méjèèjì lé orí bẹ́ǹṣì méjì, ó fi ìka kan ti ẹsẹ̀ náà jẹ́jẹ́, ó yí lọ, ó fà sẹ́yìn, ó dúró. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí òkè. Ó tún ti í, ó tún dúró síbi kan náà. Apá tó wúwo ló ń wá ilẹ̀, ẹ ẹ̀ rí i bí, òkè níbi àmì ṣọ́ọ̀kì ló fúyẹ́, ibẹ̀ ló lẹ òjé gíráàmù márùn-ún mọ́, ó tún yí i, ó tún fi márùn-ún kún un, títí tó fi jẹ́ pé ibikíbi tó bá fi ẹsẹ̀ náà sí, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Mo gùn ún, ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Owó tó gbà ju ti fọkanáísà etí títì lọ, mo sì fún un tayọ̀tayọ̀.

Ohun tí bàbá yẹn ò ní ni ẹ̀rọ tó ń wò ó bóyá rímù ti ká. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ọ̀kadà kan ní Láfẹ́nwá, tó ń tún sípóòkù ṣe, ni mo ti yanjú ìyẹn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí, èèyàn máa ń fojú di wọ́n, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ó de wáyà líle kan mọ́ sítáǹdì, ó jẹ́ kí ẹnu wáyà súnmọ́ etí rímù bíntín, ó wá ń yí i. Tí àlàfo yẹn bá ń fẹ̀ tó tún ń tín-ín, rímù ti ká. Ìwé Yamaha ní kò gbọdọ̀ ju mílímítà 1.0 lọ sókè sódò, àti 0.5 sọ́tùn-ún sósì. Ti iwájú tèmi yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àmọ́ kò dé bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbé e délé, tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ ò ní yí i wò, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Táyà tó o máa gbé wọ̀ ọ́ ńkọ́? Má tẹ̀ lé àwọn tó ń pariwo sílíìkì, ìyẹn táyà tí ò ní ilà rárá. Sílíìkì fẹ́ gbóná gidi kó tó di ilẹ̀ mú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná wé e kí wọ́n tó wọ tírákì, wọ́n á jẹ́ kó gbóná tó nǹkan bí 80 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ gbà á rò: ibo la ti fẹ́ rí iná níbẹ̀? I better pass my neighbour ò lè gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, o fẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, o tún fẹ́ epo. Eré tí ọ̀pọ̀ wa sì ń sá láàárín kóònù ò tó mú un gbóná. Sílíìkì tòkunbọ̀ tún wá burú jù, ó ti gbóná ó ti tutù lọ́wọ́ ẹlòmíì títí agbára inú ẹ̀ fi lọ, ó máa dúdú, ó máa nípọn, ojú ò ní mọ̀, àmọ́ kò ní di ilẹ̀ mú mọ́. Ra táyà tó ní ilà, èyí tí wọ́n ṣe fún títì àti tírákì pọ̀, bíi Pirelli Diablo Supercorsa tàbí Metzeler Racetec. Ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí òǹtẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: 2323 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2023. Èyí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, kódà kí ilé ìtajà fi ọ̀rá wé e, fi sílẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà o. Ti títì tí Yamaha kọ sínú ìwé ni 36 psi níwájú, 42 psi lẹ́yìn. Ní tírákì wọ́n ń dín in kù, ti ẹ̀yìn ló sì máa ń wálẹ̀ jù, wo ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ẹ kọ. Ọ̀sán Abẹ́òkúta ní oṣù kejì, oòrùn yẹn fúnra ẹ̀ ń fi kún afẹ́fẹ́ inú táyà kó o tó gùn ún rárá, torí náà abẹ́ ibòji ni kó o ti wọ̀n ọ́n, gééjì tìẹ ni kó o sì lò, ti fọkanáísà kan ò bá ti èkejì mu.

Ọ̀rọ̀ gbígbé ẹ̀ ló wá ń jẹ́ kí n sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí wọ́n má ra á. O ò lè gùn báìkì lọ kó o tún gbé ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn. Tó o bá ń gùn ún lọ, mọ́tò mìíràn gbọ́dọ̀ kó ẹsẹ̀, sítáǹdì iwájú àti tẹ̀yìn, àpótí sípánà, ẹnì kan á sì wa mọ́tò ọ̀hún, epo ẹ̀ á wá látọwọ́ ẹ. Débẹ̀, wàá tú u nínú oòrùn, yanrìn ò gbọdọ̀ wọ béárìn, wàá fi sípánà tó ń ka agbára de irin àárín ẹsẹ̀ bí ìwé ṣe sọ, wàá fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, wàá fọwọ́ fún ti iwájú títí á fi le kó o tó gbéra, torí lẹ́yìn tó o bá pààrọ̀ ẹsẹ̀, bíréèkì àkọ́kọ́ kì í sí níbẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì o, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, rìn jẹ́jẹ́ ní ìyípo méjì àkọ́kọ́ torí páàdì ò tíì mọ dísìkì ọ̀hún. Tó o bá ń fi Hilux gbé báìkì fúnra ẹ̀ lọ, gbogbo wàhálà yìí kò sí, ilé ni wàá ti pààrọ̀ ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lábẹ́ iná, pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí, mi ò sì ní ṣe é lọ́nà mìíì mọ́.

Nílé, má gbé e sábẹ́ páànù tí oòrùn ń pa, má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi, atẹ́gùn tó ń jáde lára ẹ̀rọ oníná máa ń mú kí rọ́bà sán. Inú yàrá, kó o da aṣọ dúdú bò ó.

Máàkì tí mo fún ẹsẹ̀ tí mo rà: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, sipurọ́kẹ́ẹ̀tì 520 yẹn àti béárìn iwájú tí mo pààrọ̀ ló jẹ méjì yòókù. Fún bàbá Òkè-Ìlẹ́wọ̀, mẹ́wàá gbáko. Ẹni tó bá fẹ́ ra tiẹ̀ tí owó ò tíì tó fún méjèèjì, ra ti ẹ̀yìn tó pé ná, torí ẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnnì ń lọ, òun ló máa ń tẹ́ kíákíá lójú títì, òun náà ló sì kọ́kọ́ ń jẹ ní tírákì, táyà iwájú tó dáa lè sin títì àti tírákì pọ̀ títí owó ti iwájú á fi wọlé. Àmọ́ má gba ti ẹ̀yìn tí ò bá rọ́bà inú họ́ọ̀bù wá, wọ́n á sọ fún ẹ pé o máa rí i rà níta.